Ìpakúpa àwọn Sikh ní Delhi, 1984: ta ló kó kẹrosíìnì wá?

Adéọlá (Peckham) bèèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ojúmọ́. Lọ́dọọdún nínú oṣù Kẹfà, àwọn Sikh, ẹlẹ́sìn kan tó ti Íńdíà wá, tó ń gbé ìlú ọba máa ń tú jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti Hyde Park dé Trafalgar Square nítorí àwọn ènìyàn wọn tó kú lọ́dún 1984. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba ọ̀nà náà kọjá kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlàyé tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa kò ju ìlà kan lọ: Sikh yìnbọn pa Indira Gandhi, Olóòtú Ìjọba Íńdíà, inú bí àwọn Híńdù, wọ́n gbẹ̀san.

Àlàyé yẹn kò tó. Inú lè bí ènìyàn lójijì, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti ra kẹrosíìnì, kó gbé e, kó pín in. Ta ni? Nínú ìlú tó tóbi bíi Delhi, báwo ni àwọn tó ń pànìyàn ṣe mọ̀ pé ilé kẹta lápá ọ̀tún ni ti Sikh, tí wọn kò sì fọwọ́ kan ilé kejì? Níbo ni ọlọ́pàá wà? Kí ló ti ń ṣẹlẹ̀ ní Punjab, ìpínlẹ̀ àwọn Sikh ní Íńdíà, kó tó di ọjọ́ náà? Kí ló sì fà á tí ọdún 34 fi kọjá kí kóòtù tó rán olóṣèlú ńlá kan lọ sẹ́wọ̀n gbére? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ní ọjọ́, orúkọ àti ibi, kó kọ ọ́ síbí.

Bàbá Ìwé dáhùn:

Adéọlá, o ṣeun tí o bèèrè báyìí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé aago, torí inú aago ni ìdáhùn púpọ̀ nínú ìbéèrè rẹ wà.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1984, aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí ẹ̀ṣọ́ méjì, Beant Singh àti Satwant Singh, yìnbọn lu Indira Gandhi nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Safdarjung Road. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn AIIMS. Rédíò BBC ti sọ pé ó kú kí ti ìjọba tó kéde rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n búra fún Rajiv, ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Olóòtú Ìjọba. Zail Singh, Ààrẹ tó búra fún un, Sikh ni òun náà, àwọn ènìyàn sì ti ju òkò lu ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń lọ sí AIIMS. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n fa àwọn Sikh sílẹ̀ láti inú bọ́ọ̀sì ní àyíká ilé ìwòsàn, wọ́n nà wọ́n, wọ́n já láwàní lórí wọn, wọ́n dáná sun ọkọ̀. Ìyẹn ni a lè pè ní ìbínú ojú ẹsẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ni nǹkan yí padà. Ìgbìmọ̀ olùwádìí Nanavati, tí ìjọba Íńdíà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, sọ ọ́ kedere: ti alẹ́ ọjọ́ 31 ṣẹlẹ̀ láìsí ètò, ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ètò ti wọ̀ ọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí sọ nípa ìpàdé tí àwọn olóṣèlú àdúgbò ṣe ní òru. Bọ́ọ̀sì ìjọba àti ọkọ̀ akẹ́rù kó àwọn jàǹdùkú láti abúlé tó yí Delhi ká wá sí àdúgbò tí wọn kì í gbé. Ọ̀pá irin wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jọra wọn, kò dà bí ohun tí kálukú ṣà nílẹ̀.

Ní ti kẹrosíìnì tí o bèèrè: ní Delhi ìgbà náà, ohun tí àwọn tálákà fi ń dáná ni. Ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń rà á, pẹ̀lú káàdì, ìwọ̀n tí ilé kan lè rà sì ní òdiwọ̀n. Ẹ rò ó wò. Ìdílé kan kò lè tọ́jú èyí tó máa sun òpópónà kan pamọ́. Ẹni tó ní ibi tí wọ́n ń kó o pamọ́ sí nìkan ló lè tú u jáde, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sì í rí ìwé àṣẹ gbà láìmọ olóṣèlú. Àwọn tó yè bọ́ dárúkọ irú àwọn oníṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ọ̀pọ̀ tún sọ nípa ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń dà síni lára tí iná á fi ràn kíákíá.

Bí wọ́n ṣe mọ ilé náà kò ṣòro. Ìwé orúkọ olùdìbò àti ìwé orúkọ àwọn tó ní káàdì oúnjẹ ni wọ́n mú dání. Sikh ọkùnrin ń jẹ́ Singh, obìnrin ń jẹ́ Kaur. Lóòótọ́, àwọn Híńdù kan náà ń jẹ́ Singh, ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò ẹni tó mọ àdúgbò láti máa nawọ́ sí ilé. Ibi tí Sikh bá ti háyà ilé lọ́wọ́ Híńdù, ẹrù ni wọ́n ń kó síta láti sun, wọn kì í sun ilé. Ẹni tí ìbínú ń gùn kì í yẹ ìwé ilé wò kó tó ṣáná.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é jọra káàkiri. Gurdwara, ilé ìjọsìn wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ ń sun, torí ibẹ̀ ni àwọn Sikh lè péjọ sí láti gbèjà ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á wọ ilé. Ọkùnrin ni wọ́n ń wá: wọ́n á fi ọ̀pá irin lù ú títí kò fi ní lè sá, wọ́n á da kẹrosíìnì sí i lára tàbí kí wọ́n fi táyà kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á sì ṣáná sí i. Wọ́n fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀. Àwọn òbí gé irun àti irùngbọ̀n àwọn ọmọkùnrin wọn kí wọ́n má bàa dá wọn mọ̀, bẹ́ẹ̀ irun tí a kò gé jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ẹ̀sìn wọn pa láṣẹ.

Àwọn tó kú jù kì í ṣe olówó. Trilokpuri, Kalyanpuri, Mangolpuri, Sultanpuri: àwọn àdúgbò tí ìjọba kó àwọn tálákà lọ nígbà tó wó ilé wọn láàárín ìlú ni wọ́n. Káfíńtà, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ahunbẹ́ẹ̀dì ló ń gbé ibẹ̀. Ní Block 32 ní Trilokpuri, àwọn Sikh tí à ń pè ní Labana ló pọ̀ jù. Àwọn tí wọ́n pa níbẹ̀ lé ní 300, nínú ọ̀nà tóóró díẹ̀, láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì.

Ní ti ọlọ́pàá, ìṣòro náà kì í ṣe pé wọn kò sí níbẹ̀. Nínú ẹ̀rí tó pọ̀ gan-an, àwọn Sikh ti kó ara wọn jọ, wọ́n sì ti lé àwọn jàǹdùkú sẹ́yìn. Ọlọ́pàá á wá dé, wọ́n á gba idà àti ìbọn lọ́wọ́ àwọn Sikh, wọ́n á ní kí kálukú wọlé rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kúrò, àwọn jàǹdùkú á padà wá bá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọlọ́pàá ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ní Chandni Chowk, Maxwell Pereira àti ìwọ̀nba ọlọ́pàá tó wà pẹ̀lú rẹ̀ yìnbọn, èrò náà sì tú ká, kò sí ohun tó ṣe Gurdwara Sis Ganj. Nígbà tí wọ́n kà á tán, ìgbìmọ̀ Ahooja sọ lọ́dún 1987 pé 2,733 Sikh ni wọ́n pa ní Delhi nìkan. Iye tí ìjọba fọwọ́ sí nìyẹn.

Mọrẹ́nikẹ́ dáhùn:

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n mú apá Punjab, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti oṣù Kẹwàá 1984 ti fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Sikh kò ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ ní Íńdíà, Punjab sì ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1966, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí wọ́n fi bèèrè fún ìpínlẹ̀ tó ń sọ èdè Punjabi, ìjọba àpapọ̀ pín Punjab àtijọ́. Haryana jáde nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Delhi di àwọn nǹkan kan mú sọ́wọ́: Chandigarh di olú ìlú fún ìpínlẹ̀ méjèèjì lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀rọ̀ omi odò náà kò sì tán.

Omi yìí ni mo rọ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ wò. Punjab ló ń gbin ọ̀pọ̀ àlìkámà tó ń bọ́ Íńdíà, àlìkámà tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn láti ìparí àwọn ọdún 1960 sì ń mu omi gan-an. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn omi níbẹ̀ ni èyí tó lè bo ẹ́kà ilẹ̀ kan dé ẹsẹ̀ bàtà kan. Lọ́dún 1976, lásìkò tí Indira Gandhi ti fi òfin pàjáwìrì dè ìlú, ó pín mílíọ̀nù 7.2 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ láti inú odò Ravi àti Beas: 3.5 fún Haryana, 0.2 fún Delhi, Punjab kò sì gbọ́dọ̀ gbà ju 3.5 lọ. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá 1981, wọ́n tún omi náà pín, lórí àròpọ̀ mílíọ̀nù 17.17 tí ti Rajasthan wà nínú rẹ̀. Rajasthan gba 8.6, Punjab 4.22, bẹ́ẹ̀ odò méjèèjì kò gba Rajasthan kọjá. Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú Indira Gandhi, ló ń ṣèjọba ní Delhi àti ní ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹrin 1982, Indira Gandhi lọ sí abúlé Kapuri láti ṣí wíwa odò àtọwọ́dá tó máa gbé omi náà lọ sí Haryana. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó wọ inú rẹ̀.

Báwo ni ẹ̀sìn ṣe wọ̀ ọ́? Akali Dal ni ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn Sikh, òun sì ni alátakò Congress ní Punjab. Lọ́dún 1973, wọ́n kọ ìpinnu Anandpur Sahib sílẹ̀: kí agbára ìpínlẹ̀ pọ̀ sí i, kí ti àpapọ̀ dín kù sí ọ̀rọ̀ ààbò, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, owó níná àti ìbánisọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ àríyànjiyàn agbára àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà kò ní rí nǹkan àjèjì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Congress ń pè é ní ìwé ìyapa.

Nígbà tí Akali wọlé ìjọba Punjab lọ́dún 1977, àwọn olórí Congress, tí Sanjay Gandhi, ọmọ Indira, àti Zail Singh wà lára wọn, wá ẹni tó lè fa àwọn olùfọkànsìn Sikh kúrò lẹ́yìn Akali. Ọ̀dọ́ oníwàásù kan, Jarnail Singh Bhindranwale, ni wọ́n gbé lárugẹ. Ó ti àwọn olùdíje Congress mélòó kan lẹ́yìn nínú ìdìbò 1980. Ní oṣù Kẹsàn-án 1981, nígbà tí wọ́n pa Lala Jagat Narain tó ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n mú Bhindranwale, ṣùgbọ́n kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí wọ́n ti tú u sílẹ̀. Zail Singh, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, ló sọ fún ilé aṣòfin pé kò sí ẹ̀rí. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Láàárín ọdún méjì, Bhindranwale ti kọjá ẹni tí Delhi lè pàṣẹ fún, ó kó ìbọn wọ inú ọgbà Tẹ́ńpìlì Oníwúrà ní Amritsar, ibi mímọ́ jù lọ fún àwọn Sikh, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ àti àwọn mìíràn sì ń pànìyàn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1983, wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró lẹ́bàá Dhilwan, wọ́n ya àwọn Híńdù sọ́tọ̀, wọ́n yìnbọn pa mẹ́fà nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ àwọn yẹn náà wà lára ìtàn yìí, ẹni tó bá fò ó kọjá kò sọ òótọ́ tán.

Ní gbogbo àkókò náà, ìdúnàádúrà láàárín Indira Gandhi àti Akali ń súnmọ́ ìparí, ó sì ń tú ká. Ìjọba rẹ̀ ń wo ìbò àwọn Híńdù ní Haryana àti ní àríwá. Nígbà eré ìdárayá Asia ní Delhi, oṣù Kọkànlá 1982, ọlọ́pàá Haryana lábẹ́ Bhajan Lal ń dá gbogbo ọkọ̀ tó ní Sikh nínú dúró, wọ́n ń tú àpò wọn yẹ̀wò. Àwọn ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti jagun fún Íńdíà, kò bọ́ níbẹ̀. Bí ìjọba bá hùwà sí ènìyàn bíi ọ̀daràn nítorí láwàní rẹ̀, ará ìlú yòókù á kọ́ láti máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì péré ló wà láàárín ìyẹn àti Trilokpuri.

Ní oṣù Kẹfà 1984, sójà wọ tẹ́ńpìlì náà. Operation Blue Star ni wọ́n pè é. Wọ́n ké kónílé-ó-gbélé lé gbogbo Punjab lórí, wọ́n lé àwọn oníròyìn jáde. Ọjọ́ ìrántí ikú Guru Arjan, ọjọ́ 3 oṣù náà, bọ́ sí àárín rẹ̀, torí náà àwọn arìnrìn-àjò ìjọsìn kún ibẹ̀. Tánkì ogun yìnbọn lu Akal Takht, ilé mímọ́ kan nínú ọgbà náà, títí ó fi wó, ilé ìkàwé àwọn Sikh tó wà nínú ọgbà náà jóná. Ìjọba ní 83 sójà àti 493 ènìyàn mìíràn ló kú. Àwọn mìíràn ní wọ́n pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tó bí àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì yẹn nínú nìyí.

Adéọlá, níwọ̀n bí o ti wà ní Peckham: ní 2014, ìwé ìjọba ìlú ọba tó jáde fi hàn pé ọ̀gá sójà SAS kan lọ sí Íńdíà ní oṣù Kejì 1984 láti gba ìjọba nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè wọ tẹ́ńpìlì náà. Ìwádìí Jeremy Heywood, akọ̀wé ìgbìmọ̀ mínísítà ìlú ọba nígbà náà, ní ìmọ̀ràn náà kò nípa púpọ̀ lórí ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù Kẹfà. Àwọn Sikh ìlú ọba kò gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè nígbà tí wọ́n bá ń rìn yẹn.

Adéọlá bèèrè:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ṣì kù lọ́kàn mi lórí àwọn sójà. Delhi ni olú ìlú, bárékè sójà wà níbẹ̀. Kí ló dá wọn dúró?

Bàbá Ìwé dáhùn:

Òfin kò dá wọn dúró. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Íńdíà nígbà náà, abala 130, fún májísíréètì lásán ní agbára láti ní kí ọ̀gá sójà tó wà nítòsí wá tú èrò ká. Bárékè wà ní Delhi Cantonment, kò jìnnà sí Palam àti Raj Nagar tí wọ́n ti ń pànìyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni wọ́n tó ké sí sójà, wọ́n sì kéde kónílé-ó-gbélé ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bàjẹ́ ni bí wọ́n ṣe lò wọ́n. Kò sí yàrá kan tí sójà àti ọlọ́pàá ti jọ ń darí iṣẹ́. Sójà tí kò mọ àdúgbò nílò ọlọ́pàá tó máa júwe ọ̀nà àti májísíréètì tó máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yìnbọn. Wọn kò fún wọn. Wọ́n ń gba títì ńlá kọjá nígbà tí àwọn jàǹdùkú wà nínú kọ̀rọ̀. Àwọn ará ìlú tó ní orúkọ, lára wọn ni àwọn ọ̀gágun Sikh tó ti fẹ̀yìn tì, lọ bá mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, P. V. Narasimha Rao, lójúkojú. Ọlọ́pàá Delhi wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ tí wọ́n sun òkú Indira Gandhi níṣojú àwọn olórí ilẹ̀ òkèèrè, ni ìpànìyàn tó rọlẹ̀.

Láàárín àsìkò náà, tẹlifíṣọ̀n ìjọba ń fi èrò tó wá wo òkú hàn, ohùn wọn sì ń jáde tí wọ́n ń pariwo pé ẹ̀jẹ̀ la fi ń san ẹ̀jẹ̀. Àhesọ sì ń tàn: wọ́n ní Sikh ti da májèlé sínú omi ìlú, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tó ti Punjab bọ̀ kún fún òkú Híńdù. Irọ́ ni méjèèjì. Àwọn ẹlẹ́rìí sọ pé ọlọ́pàá fúnra wọn wà lára àwọn tó ń kéde ti omi náà káàkiri.

Akin Òfin dáhùn:

Lórí ẹjọ́. Ibi tí ẹjọ́ wọ̀nyí ti kú ni tésàn ọlọ́pàá, láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó dé kóòtù rárá.

Ní Íńdíà, ìwé àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá bá kọ nígbà tí wọ́n bá fi ọ̀ràn sùn ni ìpìlẹ̀ ẹjọ́. Ó yẹ kí ìpànìyàn kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀: ẹni tó kú, ibi, àkókò, àwọn afurasí, àwọn tó rí i. Ohun tí ọlọ́pàá Delhi ṣe ni pé wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpànìyàn sínú ìwé kan ṣoṣo: "èrò kan wá, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n pa ènìyàn." Kò sí orúkọ ẹni tó pa, nígbà mìíràn kò sí orúkọ ẹni tó kú. Bí opó bá dárúkọ olóṣèlú kan, wọ́n á ní kó yọ ọ́ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn kò ní kọ nǹkan kan. Wọn kò gba ẹnu ẹlẹ́rìí nígbà tí ojú ṣì rántí. Òkú ti jóná, wọ́n sì ti kó o lọ, kò sí ìwé dókítà. Ní ti ẹrù tí wọ́n jí kó, ọlọ́pàá kéde pé kí àwọn tó kó o dá a sójú títì. Báyìí ni ẹ̀rí tó lè so ọwọ́ mọ́ olè ṣe dàwátì.

Ìwé ẹ̀sùn 587 ni wọ́n kọ ní gbogbo Delhi. Bíi 240 nínú wọn ni ọlọ́pàá pa dé pé àwọn kò rí ẹni tó ṣe é. Nínú èyí tó dé kóòtù, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á dìde, á ní: "Kí ló dé tí o kò dárúkọ oníbàárà mi lọ́dún 1984?" Ẹlẹ́rìí á ní òun dárúkọ rẹ̀, wọn kò kọ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé ni adájọ́ ń rí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dá wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ìgbìmọ̀ olùwádìí ńkọ́? Ved Marwah, ọ̀gá ọlọ́pàá, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn ọlọ́pàá ní oṣù Kọkànlá 1984. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, wọ́n ní kó dáwọ́ dúró. Adájọ́ Ranganath Misra gba iṣẹ́ náà ní 1985. Inú ilé títì ló ti gbọ́ ẹ̀rí, kò gba àwọn oníròyìn láyè, ó sì parí rẹ̀ sí pé ẹgbẹ́ Congress kò ṣètò rẹ̀, bí kò ṣe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan fúnra wọn. Lọ́dún 1998, Congress rán adájọ́ yìí kan náà lọ sí ilé aṣòfin àgbà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ adájọ́ èyí. Kusum Lata Mittal dárúkọ ọlọ́pàá 72 tó kùnà, ó ní kí wọ́n lé 30 dànù. Wọn kò ṣe é. Ọdún 2000 ni wọ́n tó gbé ìgbìmọ̀ Nanavati tí bàbá mẹ́nu bà kalẹ̀. Ìjábọ̀ rẹ̀ dé ilé aṣòfin ní oṣù Kẹjọ 2005, Olóòtú Ìjọba Manmohan Singh, tí òun náà jẹ́ Sikh, sì tọrọ àforíjì nínú oṣù náà.

Ẹjọ́ Sajjan Kumar ni kí ẹ kà bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹjọ́ ṣe lè jíǹde. Aṣòfin Congress ni nígbà náà. Ọ̀ràn náà dá lórí ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n pa ní Raj Nagar àti gurdwara tí wọ́n sun. Lẹ́yìn ìjábọ̀ Nanavati ni CBI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀ràn ti ìjọba àpapọ̀, tó gbà á lọ́wọ́ ọlọ́pàá Delhi ní 2005. Ní 2013, kóòtù kékeré dá a sílẹ̀ nítorí àbùkù inú ìwé ọlọ́pàá tí mo sọ lókè. Lọ́jọ́ 17 oṣù Kejìlá 2018, Kóòtù Gíga Delhi yí i padà, ó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ohun tí adájọ́ S. Muralidhar àti Vinod Goel ṣe ni pé wọ́n kọ̀ láti fi ẹ̀ṣẹ̀ ọlọ́pàá jẹ àwọn ẹlẹ́rìí níyà: bí ọlọ́pàá bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti kọ orúkọ, àìsí orúkọ náà kò lè di ẹ̀rí pé ẹlẹ́rìí ń purọ́. Obìnrin kan tí wọ́n pa ọkọ àti ọmọ rẹ̀ ló di ẹjọ́ náà mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní oṣù Kejì 2025, kóòtù mìíràn tún dá ẹ̀wọ̀n gbére kejì fún Sajjan Kumar lórí bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n pa ní Saraswati Vihar.

Lápàdé dáhùn:

Àfikún díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé Delhi nìkan ni. Wọ́n pa Sikh ní Kanpur, ní Bokaro, nínú ọkọ̀ ojú irin, àti ní Hondh-Chillar, abúlé kékeré kan ní Haryana, níbi tí wọ́n ti pa 32 lọ́jọ́ kejì oṣù Kọkànlá. Ní Punjab tí Sikh pọ̀ sí jù, irú ìpakúpa Híńdù bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ láti fi gbẹ̀san lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ní Delhi, àwọn Híńdù àti Mùsùlùmí aládùúgbò fi àwọn Sikh pamọ́ sínú ilé wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "rògbòdìyàn" tàbí "ìjà ẹ̀sìn" kò fi bá a mu. Ìjà gba apá méjì. Ilé aṣòfin Ontario ní Kánádà pè é ní ìpẹ̀yàrun ní oṣù Kẹrin 2017. Kóòtù Gíga Delhi lo ọ̀rọ̀ náà "ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn," ó sì ké gbàjarè pé òfin Íńdíà kò ní abala kankan fún irú rẹ̀ tàbí fún ìpẹ̀yàrun.

Lórí èrè òṣèlú: lọ́jọ́ 19 oṣù Kọkànlá, nígbà tí àwọn opó ṣì wà nínú àgọ́, Rajiv Gandhi sọ fún èrò ní Boat Club pé bí igi ńlá bá wó, ilẹ̀ á mì. Àwa náà ń sọ pé erin wó, àjànàkú sùn bí òkè, nígbà tí ẹni ńlá bá lọ, ẹni tó lọ la sì fi ń pọ́n lé. Níbi tó ti sọ tirẹ̀, àwọn 2,733 ni ilẹ̀ tó mì. Ní oṣù Kejìlá, ìpolongo Congress kún fún ẹ̀rù àwọn tó fẹ́ ya Íńdíà sí méjì, wọ́n sì gba ìjókòó 404 nínú 514, iye tí ẹgbẹ́ kankan kò tíì ní ṣáájú. Nínú àwọn tí àwọn tó yè bọ́ dárúkọ, H. K. L. Bhagat, aṣòfin fún ìlà oòrùn Delhi níbi tí Trilokpuri wà, tún di mínísítà.

Punjab kò rí ìsinmi. Àdéhùn Rajiv àti Longowal, olórí Akali, wáyé ní oṣù Keje 1985, wọ́n sì pa Longowal ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Chandigarh tí wọ́n ṣèlérí fún Punjab kò kúrò lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ títí dòní. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kẹfà 1985, bọ́ǹbù tí àwọn agbẹ̀san Sikh tó wà ní Kánádà fi pamọ́ sínú ẹrù bú gbàmù nínú bàálù Air India 182, ènìyàn 329 kú, ọmọdé púpọ̀ wà nínú wọn.

Owó gbà-má-bínú tí ìjọba kọ́kọ́ san fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó kú jẹ́ rupee 10,000, ó di 20,000, ó tó 1996 kí Kóòtù Gíga tó sọ ọ́ di 350,000. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ opó lọ sí Tilak Vihar ní ìwọ̀ oòrùn Delhi, àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń pè ní Àdúgbò Opó títí di ìsinsìnyí.

Ẹni tó bá fẹ́ máa tọpa ẹjọ́ tó kù, kó wo ti Jagdish Tytler, mínísítà tẹ́lẹ̀, lórí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n pa ní gurdwara Pul Bangash lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1984. Ọdún 2024 ni kóòtù tó ka ẹ̀sùn náà sí i létí. Ó ní òun kò jẹ̀bi.